Kí bàbá má gba ìgbéga lẹ́yìn ikú: bí a ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó ṣe sójà, tó tún ṣe ọlọ́pàá

Nínú àwọn ìwé ètò ìsìnkú tí mo ti bá àwọn ẹbí tò ní Abẹ́òkúta, ojú ìwé kan ló máa ń fa wàhálà jù: ojú ìwé ìtàn ìgbésí ayé. Bí olóògbé bá jẹ́ tíṣà tàbí oníṣòwò, ó máa ń rọrùn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ wọ yunifọ́ọ̀mù sójà, tó bọ́ ọ, tó tún wọ ti ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni ọdún ti máa ń fò, tí ipò ń ga, tí ẹni tó fẹ̀yìn tì ní ìnpẹ́kítọ̀ á di kọmíṣọ́nà lórí pátákó ojú títì. Ìnpẹ́kítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá síbi òkú á ka ìwé náà, á ká a sí méjì, á fi máa fẹ́ ara rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Ìwọ tí wọ́n ní "ìwọ lo kàwé, ìwọ ni kó o kọ ọ́" ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ilẹ̀ ti gba bàbá lọ́jọ́ tó kú; ẹ má sáré kọ ìkọkúkọ nítorí fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ fi í sí ogójì ọjọ́ tàbí ìrántí ọdún kan, kó lè jẹ́ ohun tó ṣeé gbé fún ọmọ-ọmọ.

Ohun tí o nílò

- Ìwé àjákọ kan tó nípọn àti bírò. Fóònù dára fún fótò àti fún gbígba ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n má kọ ọdún sórí fóònù. Wàá pàdánù rẹ̀.
- Fáìlì onírọ́bà tí ìwé lè wọ̀ láìká.
- Ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Bí ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, ṣe ìpele 1, 2 àti 6, kí o fi ìyókù sílẹ̀ de ìrántí ọdún kan.
- Ẹnìkan nínú ẹbí tí gbogbo yín gbà pé bó bá ti ní "ó tó," ó ti tó. Láìsí ẹni yìí, ìwé náà kò ní tán láéláé.
- Kọ́kọ́rọ́ àpótí bàbá.

Ìpele 1: Ṣí àpótí, ṣùgbọ́n má dá a ṣí

Kò sí bàbá tó wọ yunifọ́ọ̀mù tí kò ní àpótí. Nígbà mìíràn irin ni, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára ìdérí. Nígbà mìíràn báàgì ni lábẹ́ ibùsùn, tí eku ti ń bá wọn pín nínú rẹ̀. Pe ìyá, tàbí àkọ́bí, tàbí àbúrò bàbá kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, kí wọ́n jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń ṣí i. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì sábà máa ń wà nínú àpótí kan náà. Bí nǹkan bá sọnù lọ́la, orúkọ ẹni tó dá a ṣí ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá.

Ya fótò ìwé kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, kí o tó gbé e kúrò níbi tó wà. Ìwé tí o ń wá ni ìwé ìgbaniwọṣẹ́, ìwé ìkúròníṣẹ́ tí àwọn sójà ń pè ní dísíṣáàjì búùkù, ìwé ìgbéga, lẹ́tà tìráńsífà láti ìlú kan sí òmíràn, ìwé ìfẹ̀yìntì, àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yìn fótò ni kí o tún ṣọ́ dáadáa. Àwọn ọkùnrin ìgbà yẹn máa ń kọ ibi tí wọ́n wà àti ọjọ́ sẹ́yìn fótò tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ìlà kan bẹ́ẹ̀ sì lè yanjú àríyànjiyàn tó ti ń bọ̀ láti ogún ọdún.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe nìyí. Wọ́n á gbé ìwé àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe lámínéètì, ooru ẹ̀rọ yẹn á sì ba tádàwà rẹ̀ jẹ́. Kò sí bí a ṣe ń tú u mọ́. Wọ́n á fún ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti Èkó ní ojúlówó ìwé "kó lọ fi ṣe nǹkan," ìwé náà kò ní padà wálé. Fótókọ́pì ni kí o fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, bó ti wù kó dàgbà tó.

Ọ̀kan tún wà tí kì í ṣe eré rárá. Bí ọwọ́ rẹ bá kan ọta ìbọn nínú àpótí, tàbí ohunkóhun tó jọ bọ́ǹbù àfọwọ́jù, dúró níbẹ̀. Má gbé e, má fi han ọmọdé, má ya á sórí WhatsApp. Ti yàrá náà, kí àgbà kan lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìpele yìí parí bí o bá lè fi ìka tọ́ka sí ìwé méjì, ọ̀kan ti sójà, ọ̀kan ti ọlọ́pàá, tí orúkọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ bàbá wà lára méjèèjì. Wò ó bóyá orúkọ náà bára mu. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ ọ̀pọ̀ ìwé sójà, ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ baba ńlá yín ti di nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì kò bá sí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kí o máa tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Fa ìlà ọdún

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ṣí ojú ìwé àjákọ méjì tó kọjú síra. Lápá òsì, kọ ohun tí ìwé sọ. Lápá ọ̀tún, ohun tí ẹnu sọ. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. Ọdún tí o kò bá ní nǹkan kan fún, fi í sílẹ̀ lófìfo. Má fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo.

Ọdún ìbí ni kí o kọ́kọ́ bá jà, torí òun ló máa ń ti ìyókù ṣubú. Àwọn tó dàgbà nínú wọn kò ní ìwé ìbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni àwọn ìyá wa fi ń ka ọdún. Bí wọ́n bá ní ogun Àdùbí ni wọ́n bí i, 1918 nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ọdún tí Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú nígbà ìjà àwọn obìnrin ni, 1948 nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí Kábíyèsí padà wọ̀lú ni, 1950 ni. Béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní agbo ilé, kí o sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Béèrè "ọdún wo?" lọ́wọ́ wọn, wọn kò ní mọ̀, béèrè "ta ló wà lórí oyè?" wọ́n á sọ fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn náà, fi sọ́kàn pé ọjọ́ orí inú ìwé sójà lè máà jẹ́ òótọ́. Àwọn ọmọdékùnrin fi ọdún kún ọdún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè gbà wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn sì yọ ọdún kúrò nígbà tí ìfẹ̀yìntì ń bọ̀. Nítorí náà, bàbá kan lè ní ọjọ́ orí mẹ́ta: ti sójà, ti ọlọ́pàá, àti ti ìyá rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ni èmi máa ń gbà. Bí kò bá dájú, "a bí i ní nǹkan bí ọdún 1948" kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Nígbà tí ìlà ọdún bá ti ní ẹran lára, fi àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí kí ó tó di ọjọ́ 3, oṣù kejì, 1976. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn la wà láti 1967, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ṣáájú ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá kọ fún pé ó wà ní "ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn" ní 1973, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí kò tíì sí. Ọ̀ṣun náà kò sí kí ó tó di 1991, Èkìtì kò sí kí ó tó di 1996. Àṣìṣe yìí ni mo ń rí jù, nítorí pé ọmọ ń fi orúkọ tòní pe ibi tí bàbá wà lánàá. Kọ orúkọ ìlú. Ìlú kì í yí padà bí ìpínlẹ̀.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, 1967, ó parí ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, 1970. Gbogbo èèyàn ní Abẹ́òkúta ló fẹ́ kí bàbá òun ti jagun lábẹ́ Ọbásanjọ́, nítorí pé ọmọ Òwu ni, tiwa ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún 1969 ni Ọbásanjọ́ gba ìṣàkóso ẹ̀ka sójà tí wọ́n ń pè ní 3 Marine Commando. Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkekèé Dúdú, ló wà níbẹ̀ ṣáájú. Bí ìwé bàbá bá fi hàn pé ó fara gbọgbẹ́ ní 1968, tí kò sì padà sójú ogun mọ́ ní ẹ̀ka náà, Adékúnlé ni ọ̀gá rẹ̀.

Bọ́mà jẹ́ ti ogun Hitler, ní àwọn ọdún 1940. Mo ti rí "ó jà ní Bọ́mà" lórí ìwé ẹni tí wọ́n bí ní 1941. Bàbá rẹ̀ ló lọ. Ìtàn ló kọjá láti orí bàbá sórí ọmọ nínú ẹnu àwọn ará ilé.

Kóńgò, tí Nàìjíríà rán èèyàn lọ láti pẹ̀tù sí ìjà, jẹ́ láti 1960 sí 1964, sójà lọ, ọlọ́pàá náà lọ. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ń jiyàn pé aṣọ èwo ló wọ̀ lọ, méjèèjì ṣeé ṣe, ìwé ló máa ṣèdájọ́. Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1990. Ẹni tó ti ń ṣe ọlọ́pàá láti 1972 kò bá àwọn sójà ECOMOG, ìyẹn àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ síbẹ̀, yìnbọn, ohun yòówù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ níbi ọtí.

Ọlọ́pàá tún pín sí méjì nígbà àtijọ́. Àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà, tí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá ń san owó wọn, àwọn ti ìjọba àpapọ̀ sì wà. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ti ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àpapọ̀. Bí bàbá bá ti ń ṣọlọ́pàá ní Aké ní 1962, béèrè èwo ló jẹ́ kí o tó kọ ọ́.

Ẹ̀tàn kékeré kan tí mo fẹ́ràn: béèrè lọ́wọ́ ìyá, owó oṣù àkọ́kọ́ tí bàbá gbà, pọ́n-ùn ni àbí náírà? Ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, 1973 ni náírà dé. Obìnrin tó ná owó náà kì í gbàgbé.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún tó wọ sójà. Bí ó bá ku 12, ẹnìkan parọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi 35 kún ọdún tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, kí o tún fi 60 kún ọdún ìbí inú ìwé iṣẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì ni ó yẹ kó jẹ́ ọdún ìfẹ̀yìntì, àfi bó bá ti fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Ẹni tí ìwé ní a bí ní 1948, tó wọ ọlọ́pàá ní 1972, 2007 ló yẹ kó fẹ̀yìn tì. Bí ìwé rẹ bá ń sọ 2012, padà sí àpótí.

Ìpele 3: Ipò

Má pẹ́ níbí. Ipò tó wà nínú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ni ipò rẹ̀. Àdúgbò lè máa pe ilé yín ní "ilé Sájẹ́ńtì" láti ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ti kọjá sájẹ́ńtì tipẹ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè ní Májò nítorí pé ó máa ń rìn gagara lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ àdúgbò lè wà nínú ìtàn, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fótò.

Nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, kọ́ńsítébù, kọ́pùrà, sájẹ́ńtì àti ìnpẹ́kítọ̀ ló wà nísàlẹ̀, A.S.P. (Assistant Superintendent of Police) ni àkọ́kọ́ nínú ipò ọ̀gá, lẹ́yìn rẹ̀ D.S.P. (Deputy), S.P., C.S.P. (Chief), títí dé kọmíṣọ́nà àti òkè rẹ̀. D.P.O., ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò, jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe, ipò rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí o bá kọ "ó fẹ̀yìn tì ní ipò D.P.O.," gbogbo ọlọ́pàá tó bá kà á á mọ̀ pé ará ilé ló kọ ọ́. Má sì fi sájẹ́ńtì sójà ṣe sájẹ́ńtì ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ sájẹ́ńtì ní bárékè, tó wá bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ńsítébù nínú ọlọ́pàá, kọ méjèèjì. Ẹni tó gbà láti tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ní ìdí tó fi gbà, ìdí náà sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ mọ̀.

Nọ́ńbà iṣẹ́ sójà lè ràn ọ́ lọ́wọ́: fún àwọn tó wọlé lẹ́yìn ogun, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, kí ó tó kan NA, sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n wọṣẹ́.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Ka ipò náà sí etí ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ó dára.

Ìpele 4: Lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n

Ìyá ni fáìlì tó pé jù. Ìwé lè sọnù, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó gbàgbé ibi tó bímọ sí. Kọ orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí o kọ ìlú tí wọ́n bí kálukú sí síwájú orúkọ rẹ̀, kí o sì wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn bó bá ṣì wà. Ìdòwú ní Ṣàgámù, àbúrò rẹ̀ ní Kàdúná, èyí tó tẹ̀ lé e ní Bẹ́nìnì: gbogbo tìráńsífà bàbá nìyẹn, o kò tíì ṣí fáìlì kan. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú yàrá oníkálukú. Má bi ìyá kejì léèrè níwájú ìyá àkọ́kọ́ pé ibo ni bàbá wà ní 1979.

Lẹ́yìn ìyá, àwọn ẹlẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Nigerian Legion, ní ẹ̀ka nílùú, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì náà sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Béèrè ọjọ́ ìpàdé wọn. Lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì kan àti mílíìkì tó. Fótò ni kí o mú dání, kí o fi ìbéèrè sí àpò. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ọmọ Bàbá Sójà ti Ìtokò ni mí. Wọ́n ti papò dà."

"Ha! Ìgbà wo?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá, sà. Mo ní kí n wá kí yín, kí ẹ sì bá mi wo fótò yìí, bóyá ẹ lè mọ ẹnìkan níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu mọ́. Ìgbà kan wà tí bàbá kan ní Ìjẹmọ̀ gbé irú fótò bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ojú, tó jìnnà sí i, tó tún sún mọ́ ọn. Ó ní, "Èyí tó dúró lápá ọ̀tún yìí, òun ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo wa. Àwa ò mọ̀wé. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ìyàwó mi, etí ẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí, á wá kọ ọ́. Gbogbo àṣírí wa ló wà níkùn ẹ̀, kò sì fọhùn kan títí tó fi kú." Àkọ́bí olóògbé tó wà nínú fótò náà jókòó tì mí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, kò gbọ́ ọ rí. Nínú ojú ìwé mẹ́rin tí a ti kọ, a fa ojú ìwé kan ya kí ọ̀rọ̀ yẹn lè ríbi wọ̀.

Má bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni wọ́n pa. Má gba ohùn wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé o ti sọ fún wọn. Bí wọ́n bá sọ ọdún tí kò bá ìwé mu, má jà; kọ ọ́ sápá ọ̀tún ìwé àjákọ, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* O ní ó kéré tán ohun kan nípa bàbá tí ọmọ rẹ̀ kankan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o kò bá ní, o kò tíì bá ẹni tó yẹ sọ̀rọ̀.

Ìpele 5: Ohun tí kò ní wọ ìwé

Àwọn nǹkan kan wà tí a kọ sínú ìwé àjákọ tí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Èkínní ni nọ́ńbà: nọ́ńbà iṣẹ́ ní kíkún, nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà báńkì. Àwọn gbájúẹ̀ ń gba ìwé ètò ìsìnkú bí àlejò, wọ́n sì ń kà á ju ẹbí lọ.

Èkejì ni ìtàn tó kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Bàbá tó wà ní bárékè Abẹ́òkúta lóru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29, oṣù keje, 1966 wà níbi tí ìdìtẹ̀ ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ọ̀gá sójà. Ohun yòówù kó ti rí, tàbí kó ti ṣe, tàbí kó ti sá fún, ìwé ètò ìsìnkú kò lè gbé e. Kọ "ó wà ní Abẹ́òkúta ní 1966," kí o dákẹ́. Ìtàn rẹ̀ ní kíkún, gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí o fi pamọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Bí wọ́n bá lé e lẹ́nu iṣẹ́, má kọ pé ó fẹ̀yìn tì. "Ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá láti 1972 sí 1988" jẹ́ òótọ́, kò sì fi í ṣẹ̀sín.

Ìpele 6: Kọ ọ́

Ojú ìwé méjì tó fún ètò ìsìnkú. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì ìdílé rẹ̀. "Ọmọ Líṣàbí" kò tó. Gbogbo Ẹ̀gbá ni ọmọ Líṣàbí. Wá obìnrin àgbà tó mọ ti agbo ilé yín, kí ó kì í, kí o gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ìbí, ilé ẹ̀kọ́, sójà, ọlọ́pàá, ìyàwó àti ọmọ, ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì.

Wo irú èyí tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹbí: "Olóògbé jẹ́ akínkanjú tó jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, tó sì sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ tọkàntọkàn." O lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni síwájú rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń tún un kọ nìyí:

"Ní 1967, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ iṣẹ́ sójà. Ó wà lójú ogun títí ogun fi parí ní 1970. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní òun ló ń bá wọn kọ lẹ́tà sílé. Ní 1972, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní kọ́ńsítébù, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2007 ní Ìnpẹ́kítọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí kò gbá iwájú ilé kí aago mẹ́fà tó lù."

Ohun tí o bá ní nínú apá òsì ìwé àjákọ, sọ ọ́ gbangba. Ohun tó wá láti apá ọ̀tún, sọ ẹni tó sọ ọ́: "àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní," "ìyàwó rẹ̀ rántí pé."

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Fi ọwọ́ bo orúkọ, kí o fún aládùúgbò kan kà. Bí ó bá mọ ẹni tó jẹ́, o ti kọ ọ́.

Ìpele 7: Ẹ̀yẹ, aṣọ, àsíá

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá wá bu ọlá fún un níbi ìsìnkú, lẹ́tà ló ń gbé e, kì í ṣe ojúlùmọ̀. Kọ ọ́ sí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ní Eléwéeran, kí o gbé e gba ọ̀dọ̀ D.P.O. àdúgbò yín. Fi fótókọ́pì ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, kí o kọ ọjọ́, aago àti ibi. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ sójà ló ti fẹ̀yìn tì, gba ọ̀dọ̀ Legion tàbí bárékè Alámàlà. Ẹni tó ṣe méjèèjì, ibi tó ti fẹ̀yìn tì ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Má tẹ "wọn yóò yìnbọn ẹ̀yẹ" sínú ètò kí èsì tó dé. Àlejò á máa dúró de ìbọn, àsè á tutù.

Má ra àsíá ní ọjà kó o fi bo pósí. Bí ó bá tọ́ sí i, àwọn tó bá wá ló máa mú un wá. Má sì wọ yunifọ́ọ̀mù bàbá fún ọmọ-ọmọ láti fi ya fótò lórí ijó. Òfin kò gbà fún ará ìlú láti wọ aṣọ sójà tàbí ti ọlọ́pàá, àwọn sójà kò sì fojú rere wo kamúfílájì lára ará ìlú rárá. Gbé fìlà àti mẹ́dà rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò rẹ̀, ó tó. Aṣọ ẹbí, ẹ lọ pa àdìrẹ ní Ìtòkú.

Kí ẹnìkan tún lọ sọ fún àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì pé ó ti kú: Military Pensions Board fún ti sójà, PTAD fún ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Owó tó bá ń wọlé lẹ́yìn ikú, wọ́n á padà wá gbà á.

Bí ẹ bá pàdánù ẹ̀yẹ ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ogun parí ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun; tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá ni. Bá àwọn ẹgbẹ́ Legion lọ sí Òkè-Mosàn, kí o mú fótò bàbá dání.

Ìpele 8: Kà á sókè, kí o tó tẹ̀ ẹ́

Pe ẹbí jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Má fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún àtúnṣe. Èèyàn ogún á tún un ṣe lọ́nà ogún. Kà á sókè, láìdúró. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó sọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n kan á dìde pé kí ẹ fi "ọ̀gá àgbà" kún un, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, ta ló máa mọ̀? Má bá a jiyàn. Ṣí ìwé ìfẹ̀yìntì síwájú rẹ̀, kó kà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tẹ́ ẹ yàn níbẹ̀rẹ̀ sọ pé ó tó.

Nígbà tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé, ka ọdún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí atẹ̀wé lè sọ 1967 di 1976 láìmọ̀. Fi ẹ̀dà kan fún ìyá, mú ọ̀kan lọ fún ẹlẹgbẹ́ bàbá tó dá a mọ̀ nínú fótò, kí o kó ìwé àjákọ àti gbogbo ojúlówó ìwé padà sínú àpótí níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí o ṣí i. Tì í, kí o sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ín.